Kámẹ́rà DSLR olówó pọ́ọ́kú: bí a ṣe ń rà á àti bí a ṣe ń lò ó lóde ayẹyẹ

Bí owó ọwọ́ yín kò bá ju ti kámẹ́rà kan àti lẹ́nsì kan lọ, ẹ má kó o tán sórí kámẹ́rà. Ẹni tó ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ tó ṣì le, tó fi ìyókù owó ra lẹ́nsì kejì, yóò ya fọ́tò tó dùn ún wò ju ti ẹni tó ra tuntun inú páálí, tó wá ń bá lẹ́nsì inú páálí jà nínú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn. Ẹni tó fẹ́ máa ya ìkómọ, ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, là ń bá sọ̀rọ̀ níbí.

Dígí ló ń jẹ́ kí DSLR jẹ́ DSLR. Ìmọ́lẹ̀ á gba lẹ́nsì wọlé, dígí á gbé e lọ sókè sí viewfinder, ìyẹn ihò tí à ń fi ojú kan wò. Tí a bá tẹ bọ́tìnì, dígí á fò sókè, ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀, á ṣí, ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń gba àwòrán sílẹ̀. Canon àti Nikon ti kó ọkàn wọn lọ sórí mirrorless tí kò ní dígí, àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn lọ sì ń ta ti àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí DSLR àti lẹ́nsì rẹ̀ fi pọ̀ nínú tòkunbọ̀, tí owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀. Àǹfààní ńlá ni fún ẹni tí àpò rẹ̀ kò jìn.

Èwo ni ká rà?

Lọ́dọ̀ Canon, ẹ wá EOS 2000D (2018, mẹgapíksẹ́lì 24, ìyẹn iye àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò ní mílíọ̀nù) tàbí EOS 1300D (2016, mẹgapíksẹ́lì 18). Lọ́dọ̀ Nikon, D3500 (2018) tàbí D3400 (2016), mẹgapíksẹ́lì 24 làwọn méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mẹgapíksẹ́lì gbówó lórí yín: 18 tó láti tẹ fọ́tò tó gùn tó ínṣì 17 láìfọ́, fọ́tò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sì sábà máa ń kéré jù ìyẹn lọ dáadáa.

Canon EOS 4000D ni ká ṣọ́ra fún. Owó tuntun rẹ̀ máa ń mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n ike ni ibi tí lẹ́nsì ti ń wọ̀ ọ́ lára dípò irin, lẹ́nsì inú páálí rẹ̀ kì í sábà ní IS, ohun tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ tó gbọ̀n ba fọ́tò jẹ́, ojú rẹ̀ ẹ̀yìn (screen) sì kéré, kò mọ́lẹ̀ dáadáa. 1300D tòkunbọ̀ sàn jù ú lọ.

Tó bá jẹ́ fídíò ni ọkàn yín wà, ẹ mọ̀ pé 1300D, 2000D, D3400 àti D3500 kò ní ihò máìkì. Ẹ lọ wá Canon 700D tàbí Nikon D5300. Ọdún 2013 ni méjèèjì jáde, wọ́n ní ihò máìkì, ojú ẹ̀yìn wọn sì ṣeé yọ síta kí a yí i.

Canon ni tàbí Nikon? Ọ̀rọ̀ lẹ́nsì ló yẹ kó bá wa dá a. Àwọn Nikon D3000 àti D5000 oríṣiríṣi kò ní mọ́tò fókọ́ọ̀sì lára. Nínú lẹ́nsì Nikon, èyí tí wọ́n kọ AF-S sí lára, tàbí AF-P lórí àwọn tó tuntun bí i D3400 àti D3500, ló máa fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ lórí wọn. Èyí tí wọ́n kọ AF tàbí AF-D sí, ọwọ́ lẹ ó máa fi yí i. Ọ̀pọ̀ ló ti ra lẹ́nsì 50mm f/1.8D, tó jẹ́ AF-D, torí pé ó pọ́ọ́kú, tó jẹ́ ilé ni wọ́n ti mọ̀. Ti Canon kò ní wàhálà yìí: EF 50mm f/1.8 STM, èyí tó jáde ní 2015, máa ń fókọ́ọ̀sì lórí gbogbo EOS oní-DSLR, ó sì wà lára lẹ́nsì tó rọjú jù lọ́jà. Nikon ní tirẹ̀ borí nínú bátìrì: ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ kọ sílẹ̀ fún D3500 jẹ́ bí i fọ́tò 1,550 lórí ṣájì kan, ti 2000D jẹ́ bí i 500. D3500 sì tún mọ́ díẹ̀ jù ú lọ nínú òkùnkùn. Tó bá jẹ́ pé láìpẹ́ lẹ máa ra lẹ́nsì kejì, ẹ mú Canon. Tó bá jẹ́ pé lẹ́nsì kan yẹn lẹ máa lò fún ọdún méjì, ẹ mú Nikon.

Lọ́jà

Yálà Computer Village ní Ìkẹjà lẹ lọ ni o, tàbí ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ta tirẹ̀, ẹ mú mẹ́mọ́rì káàdì tiyín dání àti tọ́ọ̀ṣì kékeré kan. Ẹ má dúnàádúrà kí ẹ tó dán an wò tán, torí gbogbo àbùkù tẹ́ ẹ bá rí ló máa wúlò nígbà tẹ́ ẹ bá ń ná an.

1. Ẹ yọ lẹ́nsì. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Eruku bíńtín kò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí fọ́nrán funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ ẹ̀ka, lẹ́nsì náà ti bu nínú ni. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ibi tí nǹkan ti ha lẹ́nsì lẹ́yìn burú ju ti iwájú lọ.

2. Ẹ dá lẹ́nsì padà, ẹ fi káàdì yín sí i. Ẹ yí kẹ̀kẹ́ orí rẹ̀ sí Av (A lórí Nikon), ẹ yan f/22, ìyẹn ihò lẹ́nsì tó kéré gan-an (àlàyé ihò, ìyára àti ISO wà nísàlẹ̀), ẹ ya ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run, kí ẹ má jẹ́ kó fókọ́ọ̀sì. Ẹ wá sún fọ́tò náà mọ́ra lójú kámẹ́rà. Àmì dúdú roboto jẹ́ eruku lórí sẹ́ńsọ̀, fífẹ́ lè mú un lọ. Ìlà tó gùn tó sì mú jẹ́ ojú ibi tí nǹkan ti ha á, ìyẹn kò lọ mọ́.

3. Ẹ gbé e sí M, níbi tí ẹ̀yin fúnra yín ti ń yan gbogbo rẹ̀, ìyára 1/4000, ISO 200, ihò tó ṣí jù, kí ẹ ya ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí apá kan fọ́tò bá ń dúdú tí apá kejì sì mọ́, ṣọ́tà ti ń kú lọ nìyẹn. Owó àtúnṣe rẹ̀ lè sún mọ́ owó tí wọ́n fẹ́ tà á.

4. Ẹ yan ojú fókọ́ọ̀sì àárín, ẹ tẹ bọ́tìnì dé àárín fún ohun tó wà nítòsí, lẹ́yìn náà fún èyí tó jìnnà. Ó yẹ kó dún kó sì dúró. Bí lẹ́nsì bá ń lọ ń bọ̀ lójú ọ̀sán gangan, kò dáa.

5. Ẹ gbé fláàṣì orí rẹ̀ sókè, kí ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bàtà fláàṣì lókè, ìyẹn ibi tí fláàṣì ọ̀tọ̀ ti ń wọ̀ ọ́ lórí. Lórí 2000D àti 4000D, ẹ lè rí i pé irin roboto tó máa ń wà láàárín bàtà náà kò sí. Fláàṣì onípìnnì kan ṣoṣo, irú Yongnuo YN560 tàbí Godox TT600, kò ní mọ́lẹ̀ lórí irú rẹ̀. Ó di èyí tí ń bá Canon ṣe E-TTL, ètò tí kámẹ́rà fi ń sọ fún fláàṣì bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó, kí ẹ sì fi sórí kámẹ́rà yẹn gan-an wò kówó tó jáde. 1300D ní irin náà, ìdí kan tó fi yẹ kí onífọ́tò òde má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ nìyẹn.

6. Ẹ yọ bátìrì, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ títẹ́jú. Tó bá ń jì, ó ti wú. Ẹ má tì í padà sínú kámẹ́rà, torí ó lè há síbẹ̀.

Iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí ṣe kókó. Fún Nikon, ètò ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ ExifTool máa ń kà á láti inú fọ́tò tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Àwọn Canon kékeré kì í kọ ọ́ sínú fọ́tò. Ó di kí ẹ so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà. Èyí tó ti kọjá 60,000 ṣì lè pẹ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Ẹ gba ìwé ọjà tí nọ́ńbà ìdí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀, kí ẹ má ra wàhálà ọlọ́pàá.

Káàdì náà ní ayédèrú. Èyí tí wọ́n kọ 64GB sí lára lè má ju 8GB lọ, tí fọ́tò yòókù á sì sọnù láìdún. Ẹ fi H2testw yẹ̀ ẹ́ wò lórí Windows, tàbí F3 lórí Mac àti Linux, kí ẹ tó gbé e lọ sóde kankan. Káàdì 32GB méjì sàn ju 64GB kan lọ.

Kí ẹ tó ya fọ́tò àkọ́kọ́

Ẹ yí kẹ̀kẹ́ bíńtín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ viewfinder títí tí àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ á fi mọ́ kedere sí ojú yín. Ọ̀pọ̀ ló ń fẹ̀sùn kan lẹ́nsì nígbà tó jẹ́ kẹ̀kẹ́ yìí ni kò bá ojú wọn mu.

Nínú mẹ́nù Canon, ẹ pa «Release shutter without card». Ti Nikon ń jẹ́ «Slot empty release lock», ẹ fi í sí LOCK. Tẹ́ ò bá ṣe é, kámẹ́rà lè máa dún kà-kà-kà láìsí káàdì nínú, kẹ́ ẹ sì ya ìyàwó wọlé tán kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ẹ pa ìró rẹ̀ náà torí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Inú kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti fọ́máàtì káàdì.

Ẹ yan RAW, fọ́tò tútù tó ṣeé tún ṣe púpọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú JPEG, irú fọ́tò tí fóònù ń lò. RAW kan lórí 2000D ń lọ bí i 30MB, káàdì 32GB á gba nǹkan bí 800 tí JPEG bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ lè ṣí RAW Canon pẹ̀lú Digital Photo Professional, ti Nikon pẹ̀lú NX Studio. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Fún fókọ́ọ̀sì, ẹ yan One Shot (AF-S nínú mẹ́nù Nikon, kì í ṣe AF-S ara lẹ́nsì) àti ojú àárín nìkan. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ kó máa yan fúnra rẹ̀, ohun tó sún mọ́ ọn jù ló sábà máa mú, ìyẹn sì lè jẹ́ ìgò ọtí orí tábìlì dípò ojú ọlọ́jọ́ ìbí.

Nǹkan mẹ́ta tí ọwọ́ ń yí

Ihò lẹ́nsì dà bí ọmọlójú: nọ́ńbà kékeré, ihò ńlá. f/1.8 ṣí gbayawu, ìmọ́lẹ̀ pọ̀, ẹ̀yìn èèyàn á rọ̀ lọ. F/11 pa mọ́ra, ohun tó wà níwájú àti lẹ́yìn á jọ mọ́ kedere. Ìyára ṣọ́tà ló ń dá ohun tó ń rìn dúró. ISO kò kó ìmọ́lẹ̀ kankan wá, ó kàn ń fa èyí tó wọlé ga ni, ìdí nìyẹn tó fi ń dà yanrìn sínú fọ́tò tó bá ga jù.

Ẹ wo ohun tí lẹ́nsì 50mm ń ṣe. Lẹ́nsì inú páálí, 18-55mm, tẹ́ ẹ bá fà á dé 50, f/5.6 ni ihò rẹ̀. 50mm f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn. Níbi tí lẹ́nsì inú páálí ti ń béèrè ISO 6400, 640 ló máa tó èyí lọ́wọ́, ìyára ṣọ́tà kò sì yí padà. Kò sí kámẹ́rà tuntun kan nínú àwọn olówó kékeré yìí tó lè ṣe irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Av tàbí A: ẹ̀yin ẹ yan ihò àti ISO, kámẹ́rà á yan ìyára. Tó bá yá kí ẹ bọ́ sí M, kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni 2000D àti D3500 ní. Yíyí i lásán ń yí ìyára. Kí ẹ tó lè yí ihò, ẹ di bọ́tìnì Av+/- mú lórí Canon, tàbí bọ́tìnì +/- lórí Nikon, kí ẹ máa yí i lọ.

Léèsì funfun àti àwọ̀ wa

Ibí yìí ni fọ́tò òde ti ń bàjẹ́ jù. Mítà inú kámẹ́rà kò mọ èèyàn, kò mọ aṣọ. Ohun tó ń wá ni kí gbogbo ohun iwájú rẹ̀ já sí àwọ̀ eérú. Bí ìyá ìyàwó bá wọ léèsì funfun tó kún fọ́tò, mítà á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Léèsì á di eérú, ojú màmá á dúdú tí a kò ní rí ẹ̀rín rẹ̀. Tó bá tún jẹ́ ẹnì kan ló dúró síwájú ògiri dúdú, mítà á gbé ìmọ́lẹ̀ sókè, ojú á máa dán, á pàdánù àwọ̀ rẹ̀.

Bọ́tìnì Av+/- (tàbí +/- Nikon) kan náà ló ń tún un ṣe nínú Av. Fún léèsì funfun tàbí agbádá funfun tó kún fọ́tò, ẹ gbé e lọ sí +2/3, kí ẹ yà á, kí ẹ wò ó. Ojú ṣì dúdú? Ẹ lọ sí +1. Fún ẹ̀yìn tó ṣókùnkùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti -2/3. Ẹ tẹ DISP tàbí INFO lórí Canon (lórí Nikon, ẹ tan Highlights nínú Playback display options, kí ẹ wá tẹ ọfà òkè tàbí ìsàlẹ̀) nígbà tẹ́ ẹ bá ń wo fọ́tò títí tí ibi tó mọ́lẹ̀ jù á fi máa ṣẹ́jú. Bó bá jẹ́ àwọn ihò iṣẹ́ ọnà léèsì ló ń ṣẹ́jú, ẹ ti lọ jìnnà jù. Ẹ dín ìdá mẹ́ta kan kù. Ẹni tó ra léèsì olówó iyebíye fẹ́ rí ihò rẹ̀ nínú fọ́tò. Ojú tó dúdú díẹ̀ nínú RAW ṣeé gbé sókè, ṣùgbọ́n léèsì tó ti funfun bàlàù ti lọ nìyẹn. Kí ẹ dá kẹ̀kẹ́ padà sí 0 tẹ́ ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ màmá, torí kámẹ́rà kì í ránni létí.

Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń fi òjìji gèlè bo ojú. Ẹ kó wọn lọ sí etí ibòji, kí wọ́n kọjú síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Lábẹ́ kánópì aláwọ̀, àwọ̀ kánópì ló máa bo gbogbo ojú, fláàṣì tó ta sókè kọ lu u á tún fi kún un. Ẹ fà wọ́n wá sí etí rẹ̀. Kò sí bọ́tìnì kan tó ń ṣe iṣẹ́ ìyẹn dáadáa.

Nọ́ńbà tí a lè fi bẹ̀rẹ̀

Ẹbí tó tò ní ìlà méjì níta: f/8, ISO 200, ìyára tí kò dín sí 1/125. Ẹnì kan pẹ̀lú 50mm: f/2.2 tàbí f/2.8, kí fókọ́ọ̀sì wà lórí ojú tó sún mọ́ yín. Ẹ má sáré lọ sí f/1.8 nítòsí, ẹyinjú kan á mọ́, ìkejì á ti rọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ìlà méjì ya ní f/2, ìlà kejì á lọ, ẹ̀gbọ́n tó dúró lẹ́yìn kò sì ní gbà pé iṣẹ́ ọnà ni.

Inú gbọ̀ngàn láìsí fláàṣì: 50mm, f/2.2, 1/125, ISO 1600 lọ sí 3200. Ijó fẹ́ 1/250. Bí iná LED bá ń fa ìlà dúdú àti funfun kọjá fọ́tò, ẹ mú ìyára wá sí 1/100, torí pé lẹ́ẹ̀ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá ni irú iná bẹ́ẹ̀ ń ṣẹ́jú lórí iná 50Hz tiwa.

Pẹ̀lú fláàṣì ọ̀tọ̀: M, f/5.6, 1/125, ISO 800, orí fláàṣì kọjú sí àjà funfun tí kò ga. Tààrà sí ojú ń mú àwọ̀ wa dán bí òróró bá wà lójú, òjìji líle á sì bọ́ sára ògiri. Ìyára kò gbọ́dọ̀ kọjá 1/200. Tó bá kọjá, apá kan fọ́tò á dúdú torí ṣọ́tà kò tíì ṣí tán nígbà tí fláàṣì mọ́.

Fọ́tò bàìbàì kì í ṣe irú kan. Ẹ sún un mọ́ra kí ẹ tó dá ẹ̀bi. Bí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ bá wọ́ sí ọ̀nà kan náà, ọwọ́ yín ló gbọ̀n. Ẹ gbé ìyára sókè. Bí tábìlì bá mọ́ kedere tí oníjó nìkan wọ́, ìyára ni kò tó, IS kò sì lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀ torí ọwọ́ tó ń gbọ̀n nìkan ló ń gbà. Bí etí bá mọ́ tí ojú sì rọ̀, fókọ́ọ̀sì ló bọ́ síbòmíràn.

Eruku, ọ̀rinrin àti káàdì

Nígbà ọyẹ́, ẹ má pààrọ̀ lẹ́nsì ní gbangba. 2000D àti D3500 kò ní ẹ̀rọ tó ń gbọn eruku kúrò lórí sẹ́ńsọ̀. Ẹ wọ inú ọkọ̀ tàbí ilé, ẹ dojú kámẹ́rà kọlẹ̀, kí lẹ́nsì kejì ti wà lọ́wọ́ kí ẹ tó yọ ti àkọ́kọ́. Ti Canon ń wọlé sí ọ̀nà aago tẹ́ ẹ bá kọjú sí kámẹ́rà, ti Nikon lòdì sí i; ẹni tó bá fi agbára yí i sódì lè ṣẹ́ pìnnì. Rọ́bà tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ àti aṣọ microfibre tó fún lẹ́nsì. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ inú kámẹ́rà, itọ́ á bá a lọ. Ẹ má fọwọ́ kan dígí.

Tẹ́ ẹ bá gbé e jáde láti inú yàrá AC sínú ooru, omi á sẹ̀ sí i lára. Ẹ fi sílẹ̀ nínú àpò rẹ̀ tí ẹ ti ṣe zip rẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó jáde. Nígbà òjò, ike oníderí tí silica gel wà nínú rẹ̀ ló yẹ lẹ́nsì, kì í ṣe àpò awọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ibẹ̀ gan-an ni lẹ́nsì ti ń bu.

Ẹ ṣájì bátìrì méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú òde, nígbà tí iná bá dúró ire, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn. Ẹ má fọ́máàtì káàdì títí tí fọ́tò yóò fi wà níbi méjì, ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí hard drive, tí ẹ sì ti ṣí díẹ̀ nínú wọn wò lórí méjèèjì.